Orí Kẹfà: Rẹsolúṣọ̀n àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Ohun tí príńtà ń ṣe gan-an

Mú ojú ewé kan tí príńtà lésà tẹ̀ jáde, kí o sì wá awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Gbé e lé orí lẹ́tà "ẹ" kan. Ohun tí ojú lásán ń rí bí ìlà dúdú tó yí po, wàá rí i pé dọ́ọ̀tì dúdú ni, tí wọ́n fara ti ara wọn. Etí rẹ̀ kò dán. Págunpàgun ló rí.

Príńtà kò mọ lẹ́tà kankan. Kọ̀ǹpútà ló máa ń sọ fún un pé kó fi dọ́ọ̀tì síbí, kó fo ọ̀hún, títí ojú ewé yóò fi kún. Kò lè fi ìdajì dọ́ọ̀tì sílẹ̀. Bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sára adé ni: tí ìlẹ̀kẹ̀ bá wẹ́, ojú àti imú tó ń yà sára adé yóò yọ dáadáa, tí ìlẹ̀kẹ̀ bá tóbi, wọn yóò rí gbàgìdì, kò sì sí bó ṣe lè gé ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan sí méjì kó lè bá ibi tó fẹ́ mu. Iye dọ́ọ̀tì tí ẹ̀rọ lè tò sórí ìlà tó gùn ní ínṣì kan ni à ń pè ní rẹsolúṣọ̀n. Lára páálí ẹ̀rọ, dpi ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Ṣàkíyèsí pé ìlà la fi ń wọn rẹsolúṣọ̀n, ojú ewé la sì ń tẹ̀. Ẹ̀rọ 300 dpi ní àyè 90,000 dọ́ọ̀tì nínú ínṣì kan ní ìbú àti òró, nítorí pé 300 lọ́nà 300 ni. Ẹ̀rọ 600 dpi ní 360,000. Tí rẹsolúṣọ̀n bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ní láti ṣe di ìlọ́po mẹ́rin.

Láti orí òjé dé orí dọ́ọ̀tì

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, lẹ́tà tí wọ́n fi òjé dà ni wọ́n ń tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí dọ́ọ̀tì nínú iṣẹ́ yẹn rárá. Bí ẹni tó gbẹ́ lẹ́tà náà bá ṣe mọ iṣẹ́ tó ni etí rẹ̀ yóò ṣe dán tó, ohun tó sì lè bà á jẹ́ kò ju íńkì tó pọ̀ jù, ìwé tí kò dára, tàbí lẹ́tà tó ti gbó. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná ya lẹ́tà sórí fíìmù, àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá sì ń pa òjé tì díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ní 1977, wọ́n fi ojú ewé àyẹ̀wò àtúntẹ̀ apá kejì ìwé rẹ̀, The Art of Computer Programming, ránṣẹ́ sí i. Òjé ni wọ́n fi tẹ àkọ́kọ́, fíìmù ni wọ́n fi to èyí, ó sì rí i pé kò dára tó ti tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ló rí ojú ewé ìwé mìíràn tí ẹ̀rọ oní-dọ́ọ̀tì tò, tí dọ́ọ̀tì rẹ̀ ju 1,000 lọ nínú ínṣì kan. Ojú rẹ̀ kò rí dọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀. Ó wá yé e pé tí lẹ́tà bá ti di ọ̀rọ̀ ibi tó dúdú àti ibi tó funfun, iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló dà yẹn. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ TeX nìyẹn, èyí tó ń to ọ̀rọ̀ sójú ewé, àti Metafont, èyí tó ń ya lẹ́tà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ fún àyẹ̀wò nígbà náà, nǹkan bí 200 dọ́ọ̀tì ló ń tò sínú ínṣì kan. Èyí tó fi tẹ ìwé náà gan-an, Alphatype CRS, ń to 5,333. Ìwé jáde ní 1981, síbẹ̀ inú Knuth kò dùn sí bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe rí. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fi ọdún mélòó kan tún àwọn lẹ́tà náà yà títí wọ́n fi di Computer Modern tí a mọ̀ lónìí. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn kí a tó wọ inú ìṣirò: 5,333 dọ́ọ̀tì kò lè tún lẹ́tà tí wọn kò yà dáadáa ṣe. Ohun tí rẹsolúṣọ̀n gíga ń ṣe ni pé ó ń fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn, ìbáà dára, ìbáà má dára.

Ẹ̀rọ tó mú dọ́ọ̀tì dé ọ́fíìsì àti ilé ìwé ni príńtà lésà. Apple LaserWriter jáde ní 1985, 300 dpi ni, ó sì gbọ́ PostScript, èdè tí Adobe ṣe fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wo ohun tí 300 yẹn ń ná ẹ̀rọ. Ojú ewé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò jẹ́ ínṣì 8.5 lọ́nà 11. Ní 300 dpi, ó gba dọ́ọ̀tì 2,550 lọ́nà 3,300, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,415,000. Tí dọ́ọ̀tì mẹ́jọ bá gba báìtì kan, ojú ewé kan ṣoṣo ti gba mílíọ̀nù kan báìtì ó lé díẹ̀. Mẹ́gábáìtì 1.5 péré ni mẹ́móríì LaserWriter. Ká ní 600 dpi ni wọ́n fẹ́ ṣe, ojú ewé kan ì bá gba ju mílíọ̀nù mẹ́rin báìtì lọ, mẹ́móríì yẹn kò sì lè gbà á.

Ìṣirò àmì abẹ́

Àwọn ìwé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń wo ẹsẹ̀ lẹ́tà àti etí rẹ̀. Ẹni tó ń to ìwé Yorùbá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn: láti orí àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Òun ló kéré jù nínú ohun tí ń gbé ìtumọ̀ lójú ewé wa. Tó bá parẹ́, "ọkọ" ti di "oko" nìyẹn, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún òǹkàwé pé nǹkan kan sọnù.

Jẹ́ kí a wọn àmì náà. Póíǹtì ni a fi ń wọn lẹ́tà. Nínú TeX, ínṣì kan jẹ́ póíǹtì 72.27, nínú PostScript, ó jẹ́ 72 gééré. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan, ti TeX la máa lò níhìn-ín. Nínú Computer Modern tó jẹ́ póíǹtì 10, Knuth kọ ìwọ̀n gbogbo ohun sílẹ̀ ní ìdá mẹ́rìndínlógójì póíǹtì. Ẹsẹ̀ lẹ́tà kékeré jẹ́ 25/36, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ 9/36, àmì ìdánudúró sì fẹ̀ tó 38/36, ìyẹn póíǹtì kan ó lé díẹ̀. Àmì ìdánudúró yìí gan-an ni TeX máa ń gbé sábẹ́ lẹ́tà nígbà tí a bá ní kó fi àmì abẹ́ sí i.

Ní 300 dpi, póíǹtì kan jẹ́ 300 tí a fi 72.27 pín, ìyẹn dọ́ọ̀tì 4.15. Sọ ọ́ di ìlọ́po 38/36, wàá rí 4.38. Ẹ̀rọ kò mọ 4.38, 4 ló mọ̀. Nítorí náà, àmì abẹ́ inú ìwé tí a tẹ̀ ní 300 dpi kò ju dọ́ọ̀tì mẹ́rin lọ ní ìbú àti mẹ́rin ní òró. Gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò kó lè jọ òbìrí, ó ku dọ́ọ̀tì méjìlá. Méjìlá yìí ló ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára oko.

Dín lẹ́tà náà kù sí póíǹtì 7, bí a ti ń ṣe fún àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé. Ìbú àmì náà bọ́ sí dọ́ọ̀tì 3. Gé igun rẹ̀, ó ku dọ́ọ̀tì márùn-ún tí wọ́n rí bí àmì ìròpọ̀. Tí ìyẹ̀fun íńkì kò bá lẹ̀ dáadáa lójú ibì kan, tí méjì lára márùn-ún yẹn sì fò, ohun tó kù kò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí tó wà lára ìwé.

Wò ó nísinsìnyí ní 600 dpi: àmì abẹ́ póíǹtì 10 di dọ́ọ̀tì 9 ní ìbú. Ní 1,270 dpi, tí í ṣe ìwọ̀n kan tí àwọn ẹ̀rọ fíìmù Linotronic máa ń lò, ó di 18 tàbí 19. Lórí Alphatype tí Knuth lò, ó súnmọ́ 78. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà tó ní píksẹ́lì, ìyẹn dọ́ọ̀tì ojú kọ̀ǹpútà, 96 nínú ínṣì, tí a bá fi lẹ́tà hàn bí ó ṣe tóbi tó lórí ìwé, píksẹ́lì kan ó lé díẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kọ̀ǹpútà nìkan yẹ ìwé Yorùbá wò kó tó sọ pé ó ti dára. Tẹ̀ ẹ́ jáde, tàbí kí o sọ ọ́ di ńlá lójú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ìṣirò kò bá já sí odidi

Padà sí ẹsẹ̀ lẹ́tà. 25/36 póíǹtì ní 300 dpi jẹ́ dọ́ọ̀tì 2.88. Lẹ́tà "n" ní ẹsẹ̀ méjì. Tí kọ̀ǹpútà bá kàn ń yí etí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí odidi tó súnmọ́ ọn jù, ibi tí ẹsẹ̀ bọ́ sí ni yóò pinnu ìwọ̀n rẹ̀: ẹsẹ̀ kan lè gba dọ́ọ̀tì 3, kí èkejì gba 2. Ìdá mẹ́ta ẹsẹ̀ ti lọ nìyẹn. "n" yóò máa tiro jákèjádò ìwé. Ní 1,270 dpi, ẹsẹ̀ kan lè jẹ́ 12 kí èkejì jẹ́ 13, kò sì sí ojú tí yóò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí Metafont ń ṣe sí èyí ni pé kí ó tó ya lẹ́tà rárá, ó ti sọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ di odidi dọ́ọ̀tì fún ẹ̀rọ tí a fẹ́ lò, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá sì yà yóò bá ìwọ̀n yẹn mu. Nítorí náà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́ni tirẹ̀. Èyí tó wà fún ẹ̀rọ Canon CX, tó wà nínú ikùn LaserWriter àti àwọn príńtà lésà ìgbà náà, ń jẹ́ cx. Yàtọ̀ sí pé ó kọ 300 síbẹ̀, ìtọ́ni náà tún ń tọ́jú ohun kékeré kan tí ó wù mí gan-an. Ìsàlẹ̀ "o" máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kọjá ìlà tí "n" dúró lé, nítorí tí a bá jẹ́ kí wọ́n dọ́gba, ojú yóò rí "o" bí ẹni pé ó kéré jù. Nínú Computer Modern, díẹ̀ yẹn jẹ́ 8/36 póíǹtì, ní 300 dpi, kò sì tó dọ́ọ̀tì kan: 0.92. Tí a bá fún un ní odidi dọ́ọ̀tì kan níbi gbogbo, ó lè hàn jù, kí "o" dà bí ẹni tó ń rì. Ìtọ́ni cx ní kí wọ́n dín in kù sí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá kí wọ́n tó sọ ọ́ di odidi.

Lónìí, fọ́ǹtì tí gbogbo ènìyàn ń lò, TrueType tàbí irú ti PostScript, ìlà etí lẹ́tà ni wọ́n gbé dání, tí ìtọ́ni sì wà nínú wọn tó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí. Fọ́ǹtì kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo ẹ̀rọ lọ. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń fìyà jẹ Yorùbá. "Ẹ́" kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan nínú Unicode. Lẹ́tà àti àmì ohùn rẹ̀ ni a ń so pọ̀. Àwọn tó ṣe fọ́ǹtì sì lè ti ṣe wàhálà lórí "é" nítorí èdè Faransé, kí wọ́n má bojú wo "ẹ́" rárá. Ní rẹsolúṣọ̀n kékeré, ibi tí àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ bọ́ sí lè fi dọ́ọ̀tì kan yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Dọ́ọ̀tì kan ní 300 dpi jẹ́ mìlímítà 0.085. Lára odidi lẹ́tà, ìyẹn kò tó nǹkan. Lábẹ́ lẹ́tà, níbi tí gbogbo àmì kò ju dọ́ọ̀tì mẹ́rin lọ, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni.

Ojú ènìyàn

Kí ló dé tí 300 fi tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn? Ojú tó dá ṣáká lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí igun àárín wọn bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta dígíríì. Tí ìwé bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú, igun yẹn jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 0.087, ìyẹn sì jẹ́ dọ́ọ̀tì 290 nínú ínṣì. Nítorí náà, 300 dpi wà ní ẹnubodè. Síbẹ̀, ojú wa mọ ìlà tó yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ju bó ṣe mọ dọ́ọ̀tì méjì yà sọ́tọ̀ lọ, ìdí nìyí tí àmì ohùn, tó dà gẹ̀rẹ́, fi ń dán ní 600 dpi ju 300 lọ, tí àwọn kan sì ń rí ìyàtọ̀ ní 1,200.

Tí ohun tí a tẹ̀ bá jìnnà, ìṣirò yí padà. Bánà tí à ń wò láti mítà mẹ́wàá, dọ́ọ̀tì rẹ̀ lè fẹ̀ tó mìlímítà 2.9 kí ojú tó yà á. Ẹni tó bá ní dandan kí àwòrán bánà ìsìnkú jẹ́ 300 nínú ínṣì kàn ń kó ìnira bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ lásán ni.

Àwòrán

Íńkì dúdú kò ní àwọ̀ eérú. Kí fọ́tò lè ní ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn púpọ̀, ẹ̀rọ máa ń kó dọ́ọ̀tì rẹ̀ jọ sínú àpótí kéékèèké, yóò wá kún àpótí kọ̀ọ̀kan díẹ̀ tàbí púpọ̀. Iye àpótí tó wà nínú ínṣì kan ni à ń pè ní lpi. Tí ẹ̀rọ 600 dpi bá ń lo àpótí 100 nínú ínṣì, àpótí kọ̀ọ̀kan ní dọ́ọ̀tì 6 lọ́nà 6, ó sì lè fi àwọ̀ 37 hàn, bẹ̀rẹ̀ láti funfun dé dúdú. Ẹ̀rọ pléètì 2,400 dpi tó ń lo àpótí 150 yóò fi 257 hàn. Ìdí nìyí tí 600 dpi fi lè to ọ̀rọ̀ dáadáa, síbẹ̀ tí fọ́tò rẹ̀ kò ní dà bí ti ìwé ìròyìn olóṣooṣù.

Ìwọ̀n tí fọ́tò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ. Píksẹ́lì tó jẹ́ ìlọ́po méjì lpi ti tó, 300 fún 150 lpi. Ọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ní ilé ìtẹ̀wé wa ni fọ́tò orí WhatsApp. Ká ní oníbàárà fi èyí tó ní píksẹ́lì 1,200 lọ́nà 1,600 ránṣẹ́, pé kí wọ́n fi ṣe kàlẹ́ńdà A3, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 16.5. 1,600 tí a fi 16.5 pín kò tó 97. Àwọn kan á ṣí ètò àwòrán, wọ́n á yí 72 tí wọ́n bá níbẹ̀ sí 300, wọ́n á ní àwọ́n ti tún un ṣe. Tí wọ́n bá yí nọ́ńbà yẹn lásán, píksẹ́lì kò lé ẹyọ kan. Tí wọ́n bá sì jẹ́ kí ètò náà fi píksẹ́lì kún un, àbá ni ètò náà dá láti inú èyí tó wà níbẹ̀. Kò mọ ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò. Sọ fún oníbàárà pé kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bíi fáìlì, láti orí fóònù tí wọ́n fi yà á.

Ìwé, íńkì àti pléètì

Gbogbo ìṣirò tó ti ṣáájú ń sọ ohun tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́. Ohun tó dé orí ìwé tún yàtọ̀. Lórí ìwé tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, íńkì máa ń ràn, àlàfo tó wà láàárín "e" àti àmì abẹ́ rẹ̀ sì lè dí, kí àmì lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà.

Ní Ṣómólú ní Èkó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé kéékèèké pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ló ń fi príńtà lésà tẹ ojú ewé sórí tracing paper, tí wọ́n á wá fi iná gbé e lé pléètì. Ọ̀nà tó dínwó ni, iṣẹ́ rere sì ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n tí iná bá pẹ́ jù lórí pléètì, ìmọ́lẹ̀ á yọ́ gba abẹ́ etí ohun dúdú, ohun tó kéré jù lọ ló sì máa kọ́kọ́ parẹ́. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, orí "i" ni wàhálà yẹn mọ, òǹkàwé á sì mọ̀ pé "i" ni. Nínú ìwé tiwa, ó lè kan ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lórí ìlà kan.

Èrò mi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó bá dín ní 600 dpi to ìwé Yorùbá tí yóò lọ sórí pléètì, ìwé atúmọ̀ èdè tàbí Bíbélì oní-lẹ́tà wẹ́wẹ́ sì tọ́ sí ẹ̀rọ fíìmù tàbí ti pléètì tó ju 1,200 lọ. Níbi tí owó kò bá ti tó, fi póíǹtì kan kún lẹ́tà; ìyẹn ń gba àmì abẹ́ là ju fọ́ǹtì tó lẹ́wà lọ. Bákan náà ni fún ẹni tó ń fi skánà gba ìwé àtijọ́ sílẹ̀: ní 200 dpi, dúdú àti funfun nìkan, àmì abẹ́ kò ju píksẹ́lì 3 lọ. Lo 400 tàbí 600.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣírò ìbú àmì abẹ́ Computer Modern tí a dín kù sí póíǹtì 8, ní 300, 600 àti 1,270 dpi. Ya èyí tó jẹ́ ti 300 sínú ìwé onílà ìṣirò, kí o sì sọ iye dọ́ọ̀tì tó kù lẹ́yìn tí o gé igun rẹ̀.

2. Fọ́tò kan ní píksẹ́lì 3,000 lọ́nà 4,000. Báwo ni yóò ṣe tóbi tó lórí ìwé tí a bá fẹ́ píksẹ́lì 300 nínú ínṣì? Ṣé ó tó fún A3?

3. Tẹ ẹ́, ọ̀, ṣ, Ẹ̀, Ọ́ àti Ṣ ní póíǹtì 6, 7, 8, 9, 10 àti 12 sórí irú ìwé méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ìwé tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Fi awò wò ó. Kọ póíǹtì tó kéré jù tí gbogbo àmì abẹ́ ti dá dúró lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí o sì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé tó wà nítòsí rẹ láti bi wọ́n bóyá pléètì wọn lè gbé e.